Àpótí Kan Tó Kù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn tí ọkọ mi ti kan àpótí ìjókòó fún, kí ẹ lè mọ irú ìyà tó jẹ mí. Ó kan ọ̀kan fún ọmọbìnrin wa àkọ́bí, ó kan ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó kan ọ̀kan fún ọkọ àkọ́bí wa lọ́sẹ̀ tí ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ wá kí wa, nígbà tí a ò tíì mọ̀ bóyá ó fẹ́ fẹ́ ẹ ni àbí ó kàn wá jẹun. Ó kàn án fún àbúrò mi, fún ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, fún tíṣà tó ń gbé ní òdìkejì títì, fún ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu géètì ibi iṣẹ́ ọkọ mi. Ó kan kékeré kan fún ajá. Ajá, ẹ gbọ́ mi. Ajá náà ò sì gun orí rẹ̀ rí, abẹ́ rẹ̀ ló ń sùn sí títí tó fi kú. Ẹni mẹ́tàlélógún ni mo kà, mo yọ ajá kúrò nínú ẹ̀. Èmi tí mo ti ń bá a sùn, tí mo ti ń bá a jí láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sí tèmi níbẹ̀.

Mítà iná ló ń kà kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé dé ilé ló ń lọ, á yọjú wo mítà lára ògiri, á kọ iye tó bá rí sínú ìwé pẹlẹbẹ kan tó máa ń wà nínú àpò àyà rẹ̀. Bàbá Mítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ata ni òun ń pè mí. Ẹ ò nílò kí n sọ ìdí ẹ̀. Ẹ má sì bínú pé mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹgbẹ́ mi, ẹgbẹ́ mi ni. Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó sí nílé ìwé, ó máa ń jí pẹ́ńsùlù mi, a ò sì fi ọ̀wọ̀ pe ara wa rí láti ìgbà náà.

Igi kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó fi ń tura ni. Ilé káfíńtà kan ló ti máa ń ka mítà, mítà náà sì wà lẹ́yìn tábìlì tí wọ́n ti ń fá igi. Tó bá ti dé ibẹ̀, kò ní kúrò mọ́. Á dúró, á máa wò, títí káfíńtà fi gbé ìgbálẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan pé tí kò bá ti ní lọ, kó kúkú máa gbálẹ̀. Bó ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó ra ayùn, ó ra òòlù, ó kan ilé páànù kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó ní kí n má kó aṣọ sí i. Àpótí àkọ́kọ́ tó kàn, abẹ́ àbúrò mi ló ti túká ní etí odò. Ìdí lọmọ náà fi lélẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, kò sì da ẹ̀kán kan nù. Ẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ náà débi pé èmi náà gbàgbé láti bínú.

Ẹ̀bá odò yẹn, ibẹ̀ ni ìdílé wa ti dàgbà. Ẹ̀yìn ìlú ni, níbi tí omi ti fẹ̀ tó sì rọra ń ṣàn, tí igi ńlá mẹ́ta ṣíji bo koríko. Gbogbo Sátidé tí òjò ò bá rọ̀ la ń lọ. A ó kó búrẹ́dì, ẹyin sísè, ọsàn, bọ́ọ̀lù, okùn ìpẹja tí kò pa ju ẹja mẹ́rin lọ láyé rẹ̀, a ó sì kó àpótí sẹ́yìn mọ́tò. Tí a bá ti dé, oníkálukú á sọ tirẹ̀ kalẹ̀, á gbé e síbi tó wù ú, á jókòó. Èmi á da korobá tí a fi gbé àwo wá dojú dé, màá jókòó lé e. Etí korobá náà á ya àmì rìbìtì sí mi nídìí, màá sì rí i nígbà tí mo bá ń wẹ̀.

Ọkọ mi kì í fi téèpù wọn ènìyàn. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, tí téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi, ó ní téèpù mi mọ nọ́ńbà, kò mọ ènìyàn. Okùn ló ń lò. Á ní kó o bọ́ bàtà, kó o jókòó lé orí tábìlì rẹ̀, á na okùn láti abẹ́ eékún rẹ dé àtẹ́lẹsẹ̀, á so ó ní kókó, á gbé e kọ́ sára ìṣó nínú ilé páànù. Bí àwọn ọmọ ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ló ń tú ẹsẹ̀ àpótí wọn tó ń fi èyí tó gùn jù ú lọ sí i. Nígbàkigbà tí mo bá bèèrè tèmi, èsì kan náà ló máa ń fún mi: èmi ò ga sí i mọ́, àwọn ọmọ ló ń ga, kí ló wá ń lé mi. Màá pòṣé. Á ní Ata ti ń ta. Ọdún kan á tún lọ.

Sátidé kan là ń múra àtilọ sílé láti etí odò. A ti kó ẹrù sínú mọ́tò tán. Ó fà mí sẹ́yìn díẹ̀, ó rọra bi mí pé èwo ni tiwa nínú àwọn mọ́tò náà. Mọ́tò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo ní kó yéé fi mí ṣeré, oòrùn ti pa mí, ó ti rẹ̀ mí. Ó wọlé, ó jókòó, kò sì sọ nǹkan kan títí a fi délé.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí fún ọmọ tí àkọ́bí wa bí, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ-ọmọ wa kan ṣoṣo. Mo lọ pè é wá jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ẹsẹ̀ àpótí mọ́kànlá lórí tábìlì, gígùn kan náà, gbogbo wọn ló sì kọ “ìkíní” sí lára. Ó ń gé ìkejìlá lọ́wọ́. Mo bi í bóyá ọ̀kùn ló ń kàn. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Ó rọra gbé ayùn sílẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà ní kó ya aago sórí bébà. Ojú mítà ló yà. Ó kọ nọ́ńbà márùn-ún sínú rẹ̀ dáadáa, ó sì gbé e fún dókítà, ó ní iná tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti pọ̀ jù. Dókítà rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí wa, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n sọ fún wa pé àrùn ìgbàgbé ni, èyí tó ń jẹ ọpọlọ lọ díẹ̀díẹ̀, pé oògùn lè mú un rọra, kò sí èyí tó lè dá a padà. Mo bèèrè ìgbà tí kò ní mọ̀ wá mọ́. Dókítà ní òun ò lè sọ, ó lè jẹ́ ọdún méjì, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń sáré.

Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Àpótí mi. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń ki bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, àpótí ni mò ń rò. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Tó bá jẹ́ ibi tí mo máa jókòó sí ni mò ń wá, mo lè ra àga. Ohun tí mo fẹ́ ni kó wọn ẹsẹ̀ mi. Mo fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí, kó jẹ́ pé èmi nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, kó tó di pé mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni mẹ́tàlélógún ló ti ṣe é fún. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò kù sí mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ inú ilé páànù, mo bọ́ bàtà, mo gun orí tábìlì, mo jókòó. Mo ní kó wọ̀n mí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó wá okùn. Ó di gìgísẹ̀ mi mú, ó ní ẹsẹ̀ mi tutù. Ó na okùn náà, ó so kókó rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́.

“Kí ló dé tí mi ò tíì ṣe tìẹ?” ló bi mí.

“Ìwọ ni kí n bi.”

Ó ronú sí i dáadáa, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè nílé ìwé. “Mo rò pé àyè ṣì wà ni.”

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì náà, mo jáde lọ síbi tí mo sá aṣọ sí, mo sunkún tẹ́rùn.

Ó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé maṣíìnì ìránṣọ mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé páànù kí n lè máa ṣọ́ ọ. Àwọn oníbàárà mi ń kùn, mo ní kí wọ́n máa kùn. Tó bá gé ẹsẹ̀ kan tó gbé e sílẹ̀, kó tó yíjú padà á ti gbàgbé, á tún mú igi míì. Èmi á dìde, màá fi èyí tó ti gé sí ojú rẹ̀, màá mú pákó tuntun kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá pọ̀ jù, màá fi aṣọ bò ó lábẹ́ maṣíìnì. Nígbà míì á sọ fún mi pé ẹnìkan ń jí igi òun. Màá ní àwọn èèyàn burú láyé yìí.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó kù kó fi sáńpépà dán an. Mo ní yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé kan tí mo gbọ́dọ̀ lọ kó fún wọn níbẹ̀, mi ò sì pẹ́, mi ò tiẹ̀ gba omi tí wọ́n fi lọ̀ mí. Ìgbà tí mo dé, ilé páànù ti mọ́ tónítóní, ó ti gbálẹ̀, ó jókòó, ó gbọ́wọ́ lé itan, inú rẹ̀ ń dùn. Àpótí ò sí níbẹ̀. Mo bi í, ó ní àpótí wo. Mo wá a káàkiri. Ọmọ tíṣà tó wà ní òdìkejì títì ló sọ fún mi pé òun rí i lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkòríta.

Mo lọ síbẹ̀. Obìnrin náà jókòó lé e. Ó ní òun kàn kọjá, òun kí Bàbá, òun sì sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, ni Bàbá bá gbé àpótí fún òun. Ó gbàdúrà fún ọkọ mi, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi. Àpótí náà ga jù fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fa àpótí yọ lábẹ́ ẹni tó ń ṣàdúrà fún mi? Mo ra búrẹ́dì kan, mo lọ sílé.

Ọjọ́ yẹn ni mo fara ya. Mo pariwo mọ́ ọn débi tí àwọn aládùúgbò fi yọjú lójú fèrèsé. Mo ní gbogbo ayé ló mọ̀, gbogbo ayé ló ń rò, àfi èmi. Mo ní ajá sàn jù mí lọ lójú rẹ̀. Ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sínú èérún igi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

“Ata, má pariwo mọ́,” ló wí. “Mo mọ̀ pé nǹkan ń jábọ́ lórí mi. Mi ò kàn mọ èyí tó jábọ́ ni.”

Mo jókòó tì í nínú èérún igi yẹn. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí ni mo ṣe.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n dé sí mi lórí, ọgbọ́n tí mo fi ń bú ara mi títí di òní. Ọkọ mi, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ nìkan ló gbà gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá àwọn onílé jiyàn. Á kàn ṣí ìwé rẹ̀, á ní òun lòun kọ ọ́, ọ̀rọ̀ á parí. Mo mú káàdì kan, irú èyí tí mo máa ń fi píìnì mọ́ aṣọ oníbàárà kí ti ẹnìkan má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo gbé kálámù fún un, mò ń pe ọ̀rọ̀ náà, ó ń kọ ọ́: Àpótí yìí, ti ìyàwó mi ni. Mi ò gbọdọ̀ fún ẹlòmíì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé e ṣáájú rẹ̀. Ó gbé kálámù sókè, ó bi mí bóyá kí òun kọ orúkọ ìyàwó náà sí i. Mo ní kí ni ìyẹn wà fún, ìyàwó mélòó ló ní? Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ki káàdì náà bọ àpò àyà rẹ̀, níbi tí ìwé mítà máa ń wà.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ àpótí mìíràn, káàdì náà sì ṣiṣẹ́. Ẹ ò lè gbàgbọ́ bó ṣe ṣiṣẹ́. Láràárọ̀, á wọ ilé páànù, á fọwọ́ kan àpò, á yọ káàdì, á kà á, á ní, “Hẹ̀n-ẹ́n,” á sì mú ayùn. Kò béèrè ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹni tó bá yà wá kí wa, tó fẹ́ fìdí lé igi kan lásán nínú ilé páànù náà, á ní kó dìde, ti ìyàwó òun ni. Mò ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, orí mi ń wú. Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, mò ń rán ṣòkòtò, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Ṣùgbọ́n àrùn náà ò dúró dè wá. Ó ń pe ọmọkùnrin wa ní orúkọ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ tó ti kú. Ó ń lọ kan ilẹ̀kùn ilé àwọn èèyàn pé òun wá ka mítà. Lọ́jọ́ kan, irin tó fi ń gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ àpótí yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya àtàǹpàkò rẹ̀ dé egungun. Àkọ́bí wa ló rán an. Nígbà tó rán an tán, ó fi àgádágodo ti ilé páànù pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó sì pè mí sí yàrá.

“Màmá, ṣé torí àpótí lẹ ṣe fẹ́ pa Bàbá wa ni?”

Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ mi fi ń lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn títì náà, á yọ káàdì, á kà á, á ti ilẹ̀kùn, kò ní ṣí. Á tún káàdì náà kà. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi orí lélẹ̀kùn. Mo mú òòlù ńlá kan lẹ́yìnkùlé, mo lu àgádágodo náà títí ó fi já. Ẹ pè mí ní òǹrorò, mo gbà. Oṣù tó kù tí yóò fi mọ̀ mí ń lọ, mo mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ kó parí rẹ̀ kí wọ́n tó tán.

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń di igi mú tí òun ń gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ mi wà lábẹ́ irin náà lójoojúmọ́. Mo ní tó bá máa ya ẹnìkan, kó ya èmi.

Ọjọ́bọ̀ ló parí rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó fi sáńpépà dán an, ó fi òróró pa á, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín ilé páànù, ó sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kanlẹ̀ pé. Ó dára ju gbogbo èyí tó ti kàn rí lọ, mi ò sọ ọ́ torí pé tèmi ni. Ó wò mí, ó ní, “Ata, ó parí.” Ó mọ̀ mí. Ní ọjọ́bọ̀ yẹn, ní aago méjì kọjá díẹ̀, ọkọ mi mọ̀ mí, àpótí mi sì wà nílẹ̀.

Mi ò jókòó.

Ẹ bá mi wo irú orí kunkun. Mo ní nínú ara mi pé etí odò ni wọ́n ti jẹ mí níyà, etí odò ni màá ti jókòó, níṣojú gbogbo wọn, kí ọkọ àkọ́bí mi àti àbúrò mi rí i. Ọjọ́ méjì péré ló kù sí Sátidé. Mo sọ fún un pé ká fi í sílẹ̀ títí di Sátidé. Ó ní ó dáa. Lálẹ́ Jímọ̀, mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní, “Ẹ ṣeun.” Mo rẹ́rìn-ín, mo bi í ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe.

Sátidé mọ́ kedere. Àkọ́bí wa ló wa mọ́tò. Ọkọ mi ò jẹ́ kí wọ́n kó àpótí náà sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn yòókù, orí itan rẹ̀ ló gbé e lé títí a fi dé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yẹ ilẹ̀ wò, ó ṣa òkúta kúrò, ó gbé àpótí sí abẹ́ igi níbi tí ibòòji ti pọ̀ jù, ó sì jókòó sórí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn jókòó. Ọmọkùnrin wa ti yọ fóònù rẹ̀ síta láti yà mí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ falẹ̀ díẹ̀, mo ṣan ọwọ́, mo tún gèlè mi wé, mo rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní oyè.

Ọkọ mi na ọwọ́ lé orí àpótí náà.

“Ẹ má bínú, mà,” ló wí. “Ẹnìkan ló ni ín.”

Mo rò pé eré ni. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí eré níbẹ̀. Ojú tó máa ń fi wo àwọn onílé tí kò mọ̀ rí ló fi wò mí, ó tutù, ó ní ọ̀wọ̀. Àkọ́bí wa dìde.

“Bàbá, Màmá mà ni.”

“Mo mọ̀ pé màmá yín ni,” ló dá a lóhùn jẹ́jẹ́. “Ẹ bá wọn wá ìjókòó. Wọn ò gbọdọ̀ dúró báyìí.”

Ó fọwọ́ kan àpò. Ó yọ káàdì náà, ó kà á sókè fún wa látòkèdélẹ̀, ó sì yí i sí wa kí a lè rí i pé òun lòun kọ ọ́. Ọmọkùnrin wa fẹ́ gbé e dìde. Ó ní kí ni gbogbo èyí, ṣebí kí òun di Bàbá mú kí n jókòó, kó parí. Mo mọ̀ pé mo lè jókòó. Ta ló fẹ́ dá mi dúró? Ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe tẹ ọwọ́ mọ́ àpótí yẹn, àtàǹpàkò tó ní àpá náà ló wà lókè, gbogbo iṣan ọwọ́ rẹ̀ ló sì yọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń di àyè náà mú fún. Bí mo bá fi agbára jókòó lé e, wọ́n ti gba nǹkan ìyàwó rẹ̀ níṣojú rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní kí gbogbo wọn mú ọmọ lọ sétí omi. Wọn ò fẹ́ lọ. Mo ní kí wọ́n lọ.

Nígbà tó ku àwa méjì, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó bi mí bóyá ọ̀nà jìn tí a gbà wá. Mo ní kò jìn.

“Ìyàwó mi ò ní pẹ́ dé,” ló wí. “Inú máa ń bí i. Ó ti ń bínú sí mi tipẹ́ torí àpótí yìí, mo sì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún un. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa gbà á lọ́wọ́ mi.”

“Ó máa gbà á,” mo wí.

“Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ tó bá dé. Ẹ sọ fún un pé mo mọ̀ pé ó ti pẹ́.”

Mo ní màá sọ fún un. Ó dúpẹ́. Ó sún díẹ̀ kí n lè rí ibòòji, ó sì yíjú sí ọ̀nà tí a gbà wá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì àpótí náà, èmi náà sì ń wo ọ̀nà.